Bí Àkáǹtì WhatsApp Ṣe Kúrò Lábẹ́ Fóònù Kan Ṣoṣo: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Láti 2015 sí 2025

Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Facebook, tó ni WhatsApp, tẹ àlàyé gígùn kan jáde nípa ọ̀nà tuntun tí ẹnì kan yóò fi máa lo àkáǹtì WhatsApp rẹ̀ lórí fóònù kan àti ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn, bí fóònù náà tilẹ̀ wà ní pípa. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tí wọ́n kéde yìí kò ju ìrọ̀rùn kékeré kan lọ, nítorí pé Telegram, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, ti ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn lo kọ̀ǹpútà àti fóònù pọ̀ bó ṣe wù wọ́n tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó gba pé kí wọ́n tún ìpìlẹ̀ áàpù náà fi lélẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà rọrùn. Ìṣòro wà nínú bí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó wà láàárín yóò ṣe máa pín ọ̀rọ̀ sí gbogbo ẹ̀rọ ẹnì kan láìlè ka ọ̀rọ̀ náà, àti nínú ta ni ó ní àṣẹ láti sọ pé ẹ̀rọ báyìí jẹ́ ti lágbájá. Ìbéèrè kejì yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà, òun ló sì padà fa wàhálà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Jan Koum àti Brian Acton ni wọ́n dá WhatsApp sílẹ̀ ní ọdún 2009, orí nọ́ńbà fóònù ni wọ́n sì gbé e kà. Aṣàmúlò kò nílò orúkọ ìnagijẹ tàbí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nọ́ńbà rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ sì ni ilé àkáǹtì rẹ̀. Ètò yìí bá àwọn ènìyàn tí fóònù jẹ́ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní lára mu gan-an, títí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n gbé WhatsApp Web jáde, orí Chrome nìkan ló sì ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Àwọn oní-iPhone dúró di oṣù Kẹjọ ọdún náà kó tó kàn wọ́n. Aṣàmúlò á ṣí ojú-ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà, á gbé kámẹ́rà fóònù rẹ̀ sí àmì QR tó wà níbẹ̀, àwọn ìjíròrò rẹ̀ á sì jáde sójú kọ̀ǹpútà náà.

Àmọ́ ohun tó wà lórí fóònù ni kọ̀ǹpútà náà kàn ń fi hàn, kò ní àṣẹ kankan fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní láti dé orí fóònù ná, kí fóònù tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí a kọ ọ́ sí. Bí èsì bá dé, fóònù ló ń gbà á kó tó fi han kọ̀ǹpútà. Nígbà tí bátìrì fóònù bá kú, tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá já, tàbí tí fóònù fúnra rẹ̀ bá pa áàpù náà kó lè fi ààyè gba iṣẹ́ mìíràn, ìkìlọ̀ á jáde lórí kọ̀ǹpútà pé fóònù kò sí nítòsí, iṣẹ́ á sì dúró. Àwọn ẹnjiníà náà fúnra wọn kọ ọ́ sínú àlàyé wọn ní ọdún 2021 pé ètò àtijọ́ yìí ń falẹ̀, pé ó sì máa ń já lemọ́lemọ́. Wọ́n tún sọ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè bá fóònù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fi Portal, ẹ̀rọ ìpè onífídíò tí Facebook ń tà nígbà náà, bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kò fi lè máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó bá ń fi WhatsApp gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo ní àkókò yẹn kò nílò àlàyé àwọn ẹnjiníà kó tó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí kò bá sí iná láti àná, kọ̀ǹpútà alágbèéká lè ṣì ní agbára díẹ̀ nínú, módẹ́ẹ̀mù sì lè ṣì ní dátà, síbẹ̀ bí fóònù bá ti kú, gbogbo èyí kò wúlò. Ìrora náà tún pọ̀ sí i fún àwọn tí òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ń dáhùn oníbàárà lórí nọ́ńbà kan náà, torí pé fóònù náà kò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló wá dé tí wọn kò tètè tún un ṣe? Ìdí rẹ̀ ni àwọn kọ́kọ́rọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, WhatsApp àti Open Whisper Systems, àjọ tí Moxie Marlinspike ń darí, kéde pé àwọn ń fi ètò ìtìpa Signal, ìyẹn ọ̀nà títi ọ̀rọ̀ pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, sínú áàpù náà, wọ́n sì parí rẹ̀ fún gbogbo aṣàmúlò ní oṣù Kẹrin ọdún 2016. Láti ìgbà náà, fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tí a fi ń yí ọ̀rọ̀ padà sí ohun tí ẹlòmíràn kò lè kà, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ náà kì í sì í kúrò nínú fóònù. Àwọn kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ náà, tí à ń pè ní sáfà, ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì láìrí inú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo wà fún ènìyàn kan, tí inú fóònù rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, kò sí bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe lè dá ka ohunkóhun.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí Telegram ń lò fún ìjíròrò rẹ̀ tó wọ́pọ̀: kí ọ̀rọ̀ wà lórí sáfà ní ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fi lè ṣí i, kí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá wọlé sí àkáǹtì náà sì lọ gbà á níbẹ̀. Ó yára, kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tó bá fi agbára mú un, lè ka ọ̀rọ̀ náà. Èkejì ni kí fóònù da kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ fún kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí pé kọ́kọ́rọ́ tó bá pọ̀ ní ibi púpọ̀ rọrùn láti jí, ètò Signal ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ bí ìjíròrò ṣe ń lọ, nítorí náà ẹ̀rọ méjì tó ń pín kọ́kọ́rọ́ kan náà yóò ṣi ara wọn lọ́nà láìpẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí sáfà máa tọ́jú àkójọ kan ṣoṣo tó ń fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ báyìí báyìí ló wà lábẹ́ àkáǹtì báyìí. Èyí ni wọ́n yàn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí Àdùkẹ́ bá fẹ́ kọ̀wé sí Àlàbí, fóònù Àdùkẹ́ á béèrè lọ́wọ́ sáfà pé àwọn ẹ̀rọ wo ni Àlàbí ní, á gba àkójọ náà, á sì ti ọ̀rọ̀ kan náà pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kò parí síbẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ní láti mọ ohun tí ó kọ, kí ìjíròrò náà má bàa ní ihò. Bí àwọn méjèèjì bá ní fóònù kan àti ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn, ẹ̀dà márùn-ún ló ń lọ sọ́dọ̀ Àlàbí, mẹ́rin sì ń lọ sí àwọn ẹ̀rọ Àdùkẹ́ yòókù, tó jẹ́ mẹ́sàn-án fún gbólóhùn kan. Sáfà á pín wọn, kò sì ní tọ́jú wọn mọ́ bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Ẹni tó bá ń ra dátà ní mẹ́gábáìtì mẹ́gábáìtì lè fòyà pé fídíò tí òun bá fi ránṣẹ́ yóò di mẹ́sàn-án. Wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀. Fídíò àti àwòrán ni a ń tì pa lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí a ṣẹ̀dá fún un nìkan, a ó gbé e sórí sáfà lẹ́ẹ̀kan, kọ́kọ́rọ́ kékeré náà nìkan la sì ń pín kiri fún àwọn ẹ̀rọ. Nínú gúrúùpù pẹ̀lú, wọ́n lo ọgbọ́n tó fara jọ ọ́: olùfiránṣẹ́ á kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ gbogbo ọmọ gúrúùpù ní kọ́kọ́rọ́ kan, lẹ́yìn náà á máa ti ọ̀rọ̀ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sáfà á sì pín ohun tí a tì pa náà fún gbogbo wọn. Láìsí èyí, gúrúùpù ẹlẹ́ni 1,024, tó jẹ́ ààlà tí wọ́n fún un láti ìparí ọdún 2022, lè sọ “ẹ káàárọ̀” kan di iṣẹ́ tó ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ fún fóònù olóore tó kí ènìyàn.

Ti ìpè dára létí mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ìpè kò ní sùúrù bí ìwé. Nígbà tí ènìyàn bá pe ẹlòmíràn, fóònù rẹ̀ á ṣẹ̀dá àṣírí oníbáìtì 32, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan, lọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà ní, á fi ránṣẹ́ sí wọn, gbogbo wọn á sì dún pọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi gbé ìpè náà ni àṣírí tirẹ̀ ń ti ohùn àwọn méjèèjì pa. Àwọn yòókù á dákẹ́, àṣírí tó wà lọ́wọ́ wọn kò sì lè ṣí ìpè náà.

Ohun tó kù ni bí kọ̀ǹpútà tuntun yóò ṣe mọ ohun tó ti kọjá. Nígbà tí a bá so ó pọ̀, fóònù á di àwọn ìjíròrò àìpẹ́ jọ, á tì wọ́n pa, á gbé wọn sórí sáfà, á sì fi kọ́kọ́rọ́ wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà náà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a ti tì pa. Bí kọ̀ǹpútà bá ti kó wọn tán, wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bíi orúkọ tí a fi pamọ́ fún ènìyàn, ìjíròrò tí a gbé pamọ́ àti ọ̀rọ̀ tí a fi ìràwọ̀ sàmì sí, ń bẹ lórí sáfà, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ oníǹkan nìkan ló mọ kọ́kọ́rọ́ wọn.

Títí dé ibí, gbogbo rẹ̀ dúró dáadáa, àfi ohun kan. Sáfà ló ń tọ́jú àkójọ ẹ̀rọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tó wọ inú sáfà rẹ̀, bá rọra fi ẹ̀rọ kẹfà kún àkójọ Àlàbí, fóònù Àdùkẹ́ yóò ti ọ̀rọ̀ pa fún ẹ̀rọ àjèjì náà pẹ̀lú inú dídùn, kò sì ní nílò kí ẹnikẹ́ni fọ́ kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn ọ̀gá méjì ní GCHQ, àjọ ìṣọ́ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn Ian Levy àti Crispin Robinson, kọ ọ́ síta pé ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè fi òṣìṣẹ́ agbófinró kún ìjíròrò tàbí ìpè láìjẹ́ kí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, Apple, Google, Microsoft, WhatsApp àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí lẹ́tà tó ta ko àbá náà. Ètò oní-ẹ̀rọ-púpọ̀ tí kò bá ní ààbò lórí àkójọ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí àbá yẹn ń béèrè tán.

Nítorí náà ni wọ́n fi fún fóònù ní ipò àgbà. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọ inú àkójọ náà bí kò ṣe pé fóònù àgbà fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ buwọ́ lu kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ tuntun, tí ẹ̀rọ tuntun sì buwọ́ lu ti fóònù padà. Ìdí tí a fi ń ya àmì QR nìyẹn: inú àmì yẹn ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà wà, ojú kámẹ́rà ló sì ń gbà dé fóònù, kì í ṣe ọwọ́ sáfà. Fóònù Àdùkẹ́ á yẹ ìbuwọ́lù méjèèjì wò kó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, sáfà kò sì lè ṣẹ̀dá irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ààbò tí ènìyàn méjì lè fi wé ara wọn wá di èyí tó kó gbogbo ẹ̀rọ àwọn méjèèjì pọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n tún kéde ìwé àkọsílẹ̀ kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ará ìta lè yẹ̀ wò, kí ilé-iṣẹ́ má bàa lè fi kọ́kọ́rọ́ kan han ẹnì kan, kí ó sì fi òmíràn han ẹlòmíràn. Mo gbà pé apá yìí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ jù, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un, nítorí pé aṣàmúlò kì í rí i, kò sì sí ẹni tó máa tìtorí rẹ̀ ra fóònù.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ètò náà han àwọn tó gbà láti dán an wò, lẹ́yìn náà ó di ti gbogbo ayé ní ọdún 2022. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, Mark Zuckerberg kéde pé fóònù mìíràn pàápàá lè jẹ́ ẹ̀rọ àsopọ̀, títí dé mẹ́rin, ìyẹn sì jẹ́ kí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mo mẹ́nu kàn lókè lè fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fóònù lórí nọ́ńbà kan náà. Láàárín ìgbà náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àṣìṣe kan yọ gbogbo ẹ̀rọ Facebook kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, WhatsApp náà sì dákẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo. Fóònù ti kúrò lójú ọ̀nà, sáfà ṣì wà níbẹ̀.

Wàhálà tó tóbi jù dé láti ibi tí ìbuwọ́lù kò lè ṣọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Microsoft tú àṣírí àwọn agbónájalè orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó so mọ́ Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pè ní Star Blizzard. Àwọn wọ̀nyí kọ ímeèlì bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n sì pe àwọn tí wọ́n ń dọdẹ wá sínú gúrúùpù WhatsApp kan lórí ìrànlọ́wọ́ fún Yukréènì. Àmì QR tó wà ní ojú-ìwé tí wọ́n darí wọn sí kì í ṣe ti gúrúùpù rárá; ti ẹ̀rọ àsopọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sí i láti inú WhatsApp ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu kọ̀ǹpútà ọ̀tá. Ètò ìtìpa ṣiṣẹ́ bó ti yẹ lọ́jọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: fóònù àgbà fọwọ́ sí i, ìbuwọ́lù pé, sáfà kò ka nǹkan kan, ọ̀tá sì ń ka gbogbo rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, kò nílò amí láti Rọ́ṣíà. Fóònù tí a fi sílẹ̀ ní ṣíṣí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, tàbí tí a yá ẹni tó ní òun fẹ́ fi pe ilé, lè so mọ́ ẹ̀rọ mìíràn kí ìṣẹ́jú kan tó pé, oníǹkan á sì máa lò ó lọ láìrí ìyàtọ̀, nítorí pé ètò tuntun yìí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ fóònù rẹ̀ mọ́. Nígbà ayé WhatsApp Web àtijọ́, pípa fóònù tó láti já olè. Ní báyìí, àfi kí ènìyàn ṣí ibi tí wọ́n kọ “Linked devices” sí nínú áàpù náà, kó wo orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí a lò ó gbẹ̀yìn, kó sì lé èyí tí kò bá mọ̀ jáde. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń fi áàpù yìí ṣòwò tàbí tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹbí sínú rẹ̀ pé kó wò ó déédéé, kó sì jẹ́ kí fóònù máa béèrè ìka ọwọ́ kó tó so ẹ̀rọ tuntun.

Nǹkan méjì ṣì wà tí ètò náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àkọ́kọ́ ni pé olùfiránṣẹ́ ní láti mọ iye ẹ̀rọ tí ẹni tó ń kọ̀wé sí ní, bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò lè ti ọ̀rọ̀ pa fún wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Tal Be'ery, tó ń ṣe ìwádìí ààbò ní ilé-iṣẹ́ Zengo, fi hàn pé ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ènìyàn lè fi èyí mọ iye ẹ̀rọ tó so mọ́ àkáǹtì rẹ̀, pé ó sì lè mọ̀ bóyá fóònù àgbà ni onítọ̀hún fi kọ̀wé àbí òmíràn. Meta, orúkọ tuntun tí ilé-iṣẹ́ Facebook ń jẹ́, dáhùn pé bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nìyẹn.

Èkejì ni nọ́ńbà. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìlo fóònù àgbà, gbogbo ẹ̀rọ àsopọ̀ á jáde. Bí ẹnì kan bá sì fi nọ́ńbà náà forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù mìíràn, kọ́kọ́rọ́ àgbà tuntun dé nìyẹn, àwọn ẹ̀rọ tí ti àtijọ́ buwọ́ lù kò sì ní iṣẹ́ mọ́. Kóòdù orí síìmù ló sì ń fọwọ́ sí ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ṣì ń lo nọ́ńbà Nàìjíríà fún WhatsApp nítorí ẹbí, síìmù náà sì wà nínú dúrọ́ọ̀ láìsí káàdì tí a rà sórí rẹ̀. Òfin NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, gbà pé kí ilé-iṣẹ́ fóònù ti nọ́ńbà tí a kò ná owó kankan lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà pa, bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá sì kọjá, nọ́ńbà náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹni tuntun náà bá fi í forúkọ sílẹ̀, kò ní rí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kankan, nítorí pé inú àwọn ẹ̀rọ ẹni ìṣáájú ni wọ́n wà. Àmọ́ fóònù tuntun yẹn ni ọ̀rọ̀ tí ìyá bá kọ láti Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kejì yóò máa lọ, bí kò ṣe pé ó fọkàn sí ìkìlọ̀ pé nọ́ńbà ààbò ti yí padà.